Ọkọ̀ Eila, Kó Tó Di Ti Helvi

2.

…lẹ́yìn náà ló tún gbọ̀n, ní ìsàlẹ̀ òkè, níbi tí ojú ọ̀nà ti gbẹ, tí kò sí ìdí kankan fún un láti gbọ̀n. Mo tẹ bíréèkì. Ọkọ̀ ń rọra, ó ń rọra, ó kù díẹ̀ kó dúró. Nígbà náà ni bíréèkì bẹ̀rẹ̀ sí í ta mí lẹ́sẹ̀ láti ìsàlẹ̀, kíákíá, léraléra, bí ẹni tí wọ́n tì mọ́lé tó ń kan ilẹ̀kùn láti inú. Ọkọ̀ sì yọ̀ kọjá pátákó tí wọ́n kọ DÚRÓ sí.

Kò yọ̀ jìnnà. Ó tó gígùn ọkọ̀ kan.

Ṣùgbọ́n títì ńlá ló wà níwájú pátákó yẹn, àwọn tírélà tó ń kó gẹdú ló sì ń gba ibẹ̀ kọjá.


3.

Àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí kàn:

Èmi, Arvo. Mo ti fẹ̀yìn tì ní ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe bébà.

Eila, ìyàwó mi. Òun ló ni ọkọ̀. Ó kú nígbà tí yìnyín ń yọ́.

Helvi, àbúrò Eila. Ó ń dá gbé létí adágún, ní ìsàlẹ̀ òkè tí mo sọ yẹn. Ọkọ̀ akẹ́rù tirẹ̀ ti kú. Ọkọ̀ Eila ló máa di tirẹ̀.

Ọkọ̀ náà. Ọkọ̀ ẹbí ni, aláwọ̀ ewé, ẹ̀yìn rẹ̀ gùn. N kò ní dárúkọ àwọn tó ṣe é. Wọn kò ṣẹ̀ mí.


4.

Ohun tí Eila sọ ní ilé ìwòsàn, nígbà tí èmi wà lápá ọ̀tún ibùsùn rẹ̀ tí Helvi wà lápá òsì:

"Ọkọ̀ mi, Helvi ni kó gbà á. Arvo, rí i pé ó ń dúró dáadáa kí o tó fún un."

Helvi ní, "Ṣé èmi ni kó máa dúró dáadáa ni, àbí ọkọ̀?"

Eila ní, "Ìwọ, mo ti gbà fún Ọlọ́run."


5.

ÌJÍṢẸ́ LÓRÍ FÓÒNÙ. Helvi ló fi í sílẹ̀.

"Àna mi, èmi ni. Má díbọ́n pé o ò sí nílé, níbo lo fẹ́ lọ? Raimo pè mí. Ó ní tí yìnyín bá fi bọ́ tí mi ò tíì ní ọkọ̀, òun ń bọ̀ láti Winnipeg wá kó ẹrù mi. Ó ti rí yàrá kan fún mi nítòsí wọn. Ó ní fèrèsé rẹ̀ fẹ̀ gan-an. Mo bi í pé kí ni fèrèsé ọ̀hún ń wò. Ó ní ibi tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí. Arvo, etí adágún ni wọ́n bí mi sí. Mi ò lè máa jí wo ọkọ̀ àwọn ẹlòmíì láràárọ̀. Tún ọkọ̀ yẹn ṣe. Mo ti se ọbẹ̀ ẹja, mo sì ti bu tìẹ sọ́tọ̀. Wá gbé e kó tó di ti ológbò."

(Raimo ni ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, ìlú ńlá Winnipeg ló ń gbé. Ọmọ dáadáa ni. Ìyẹn gan-an ni wàhálà rẹ̀.)


6.

Bí ọkọ̀ bá dúró, ọkọ̀ ló ń lọ. Bí kò bá dúró, Helvi ló ń lọ.


7.

ÌWÉ TÍ MO LẸ̀ MỌ́ FÌRÍÌJÌ HELVI, kó lè yé e:

*ABS ni wọ́n ń pè é. Ojú kékeré kan wà lẹ́bàá táyà kọ̀ọ̀kan, sẹ́nsọ̀ lorúkọ rẹ̀. Ó ń wo òrùka eléyín kan tó ń bá táyà yí. Bí táyà bá ń yí, eyín ń kọjá, ojú ń rí i. Bí o bá tẹ bíréèkì lórí omi dídì, táyà kan lè há kó má yí mọ́, kó kàn máa yọ̀ lọ. Ojú á rí i pé eyín ò kọjá mọ́. ABS á tú bíréèkì táyà yẹn sílẹ̀ díẹ̀, á tún dì í mú, á tún tú u sílẹ̀, kíá kíá. Ìyẹn lò ń gbọ́ lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ. Gbígbọ̀n yẹn kì í ṣe àìsàn. Iṣẹ́ ni.*

Nígbà tí mo padà débẹ̀, Helvi ti fi pẹ́ńsùlù kọ ọ́ sí abẹ́ rẹ̀:

*Tó bá jẹ́ iṣẹ́ ni, kí ló ń ṣiṣẹ́ fún lórí ilẹ̀ gbígbẹ? Ta ló rán an?*

Ìbéèrè náà gan-an nìyẹn.


8.

Ohun tí mo yẹ̀ wò.

Iná ABS nínú ọkọ̀: kò tàn.

Epo bíréèkì: ó kún, ó sì mọ́.

Páàdì bíréèkì: wọ́n ṣì nípọn.

Ẹ̀rọ tí wọ́n ń kì bọ ọkọ̀ láti mọ ohun tó ń ṣe é: Sawchuk ló ní in, òun ló ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní ìkóríta wa. Ó ki ẹ̀rọ náà bọ ọkọ̀, ó wo ojú rẹ̀, ó mi orí.

"Bàbá, ọkọ̀ yìí ní kò sóhun tó ń ṣe òun."

Mo ní, "Ohun tí Eila náà ń sọ nìyẹn."

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì gbé ọkọ̀ mi kúrò níbẹ̀.

Ọkọ̀ Eila. Mo fẹ́ kọ "ọkọ̀ Eila".


9.

Mo yọ fíúùsì ABS. Mo padà sí orí òkè. Mo sọ̀ kalẹ̀. Mo tẹ bíréèkì.

Kò gbọ̀n. Ó dúró níwájú pátákó bí ọmọ ilé ẹ̀kọ́.

Nítorí náà bíréèkì kò ní nǹkan. ABS ló ń gbọ́ irọ́. Ojú kan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń sọ pé táyà òun ti dúró nígbà tí kò tíì dúró.

Mo lè fi fíúùsì náà sílẹ̀ ní yíyọ. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń ṣe bẹ́ẹ̀ níhìn-ín. Ṣùgbọ́n Eila ní kó máa dúró dáadáa. Kò sọ pé lórí ilẹ̀ gbígbẹ nìkan.

Mo dá fíúùsì padà sí ààyè rẹ̀.


10.

Ibi tí mo máa ń jókòó nínú ọkọ̀ yìí.

Apá ọ̀tún, lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀. Eila ló máa ń wà á. Mo ní ọkọ̀ tèmi nígbà náà, ṣùgbọ́n bí a bá jọ ń jáde, tirẹ̀ la ń gbé. Bí a bá ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sọ́dọ̀ Helvi, ẹsẹ̀ mi á máa tẹ ilẹ̀ ọkọ̀ fúnra rẹ̀.

Eila kì í wo ẹsẹ̀ mi. Ojú ọ̀nà ló ń wò. Á kàn ní:

"Arvo, kò sí bíréèkì ní ẹ̀gbẹ́ tìẹ."

Mo gbá inú ọkọ̀ lónìí. Kápẹ́ẹ̀tì ẹ̀gbẹ́ yẹn ti jẹ níbì kan, ó tó fífẹ̀ gìgísẹ̀ ọkùnrin.


11.

OHUN TÍ A SỌ NÍNÚ ỌKỌ̀. Èmi ni mò ń wà á. Sawchuk yá wa ní ẹ̀rọ rẹ̀, ó wà lórí itan Helvi.

ARVO: Nọ́ńbà mẹ́rin ló wà lójú ẹ̀rọ yẹn. Eré tí táyà kọ̀ọ̀kan ń sá ni. Máa kà á jáde bí mo ṣe ń tẹ bíréèkì.

HELVI: Mi ò mú awò ojú mi wá.

ARVO: Ó wà lórí rẹ.

HELVI: Ó yá. Ogún, ogún, ogún, ogún.

ARVO: Máa kà á lọ.

HELVI: Méjìlá, méjìlá, méjìlá, méjìlá. Ó dà bí ìgbà tí pásítọ̀ ń ka ìran Bíbélì. Mẹ́jọ, mẹ́jọ, mẹ́jọ… òdo.

ARVO: Èwo ló jẹ́ òdo?

HELVI: Táyà iwájú, lápá òsì. Ẹ̀gbẹ́ tìẹ. Àwọn yòókù ṣì wà lójú ọ̀nà, òun ti délé, ó ti bọ́ bàtà.

(Bíréèkì ń gbọ̀n. Ọkọ̀ ń yọ̀.)

ARVO: Ẹ jẹ́ ká tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i.

HELVI: Ta ni "ẹ jẹ́ ká"? Àwa méjì la wà níbí. Kí la tún fẹ́ tún ṣe? Mo ti rí i.

ARVO: Kó lè dá wa lójú.

HELVI: Eila ní tó o bá ti ilẹ̀kùn tán, o máa ń padà lọ mì ín wò. Mo ní irọ́ ni, kò sẹ́ni tó rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi, dárí jì mí.

A ṣe é lẹ́ẹ̀kan sí i. Táyà iwájú, lápá òsì.


12.

Mo kọ ọ́ sókè pé ọkọ̀ yọ̀ tó gígùn ọkọ̀ kan kọjá pátákó. Kò tó bẹ́ẹ̀. Ìdajì ni. Ẹ̀rù ló fa ìyókù gùn.


13.

Mo fi jáàkì gbé e. Mo tú táyà.

Bóòtì kan ṣoṣo ló di sẹ́nsọ̀ mú. Bóòtì jáde. Sẹ́nsọ̀ kò jáde.

Iyọ̀ ni wọ́n ń dà sójú títì níhìn-ín ní gbogbo ìgbà òtútù kí ọ̀nà má baà yọ̀. Iyọ̀ yẹn ti wọ abẹ́ sẹ́nsọ̀. Irin tó jókòó lé ti dípẹtà, ìpẹtà náà sì ti wú bí ìyẹ̀fun tí wọ́n fi ìwúkàrà sí. Díẹ̀díẹ̀ ló ń gbé sẹ́nsọ̀ sókè kúrò lẹ́bàá òrùka. Àlàfo náà kò ju sísanra èékánná lọ. Bí táyà bá ń sáré, ojú náà ṣì ń rí eyín tó ń kọjá. Bí táyà bá ti ń rọra, kò rí nǹkan mọ́. Á ní ó ti dúró.

Ojú náà kò fọ́. Ó kàn jìnnà díẹ̀ sí ohun tó yẹ kó máa wò.

Mo da epo sí i, mo dúró. Mo fi iná mú ara rẹ̀ gbóná díẹ̀, mo dúró. Helvi ní kí n gbé gbogbo ọkọ̀ wọ sáwúnà, ilé ìwẹ̀ olóoru wa, kí n da omi sórí òkúta gbígbóná, kí n fi ewé igi nà án lẹ́yìn, pé ohun tó ń wo gbogbo wa sàn nìyẹn.

Mo fa sẹ́nsọ̀. Ó kán sí méjì.


14.

OHUN TÍ A SỌ NÍ ṢỌ́Ọ̀BÙ SAWCHUK.

SAWCHUK: Ó kán?

ARVO: Ó kán.

SAWCHUK: Gbogbo wọn ló ń kán. Tí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé tòun jáde lódindi, ẹ má fọmọ yín fún irú ẹni bẹ́ẹ̀.

ARVO: Ṣé o ní tuntun?

SAWCHUK: Mo ní. Ẹ ha ibi tó ń jókòó dáadáa o, kó funfun, kẹ́ ẹ tó fi tuntun sí i. Àwọn èèyàn á kàn ki tuntun bọ orí ìpẹtà, wọ́n á wá padà wá máa bú mi.

ARVO: Mo mọ̀.

SAWCHUK: Mo mọ̀ pé ẹ mọ̀. Ẹnu ló ń yún mi. (Ó ń wá páálí náà lórí pẹpẹ.) Bàbá, ẹ kú àfẹ́kù Màmá. Wọ́n máa ń jókòó síbí yìí tí mo bá ń bá wọn pààrọ̀ epo. Wọ́n á mu kọfí mi tán. Kò sẹ́ni tó ń mu kọfí mi tán. Wọn ò sì sọ nǹkan kan sí i rí.

ARVO: Ó máa ń sọ ọ́. Nílé ló ti ń sọ ọ́.

SAWCHUK: Kí ni wọ́n ń wí?

ARVO: Má béèrè.


15.

Sẹ́nsọ̀ tuntun wà lórí pẹpẹ nínú gáréèjì, nínú páálí rẹ̀.


16.

Ó ṣì wà níbẹ̀.


17.

Ohun tí mo ṣe nínú gáréèjì láti ìgbà náà:

Mo gbá a.

Mo to igi tí a ó fi dá iná sáwúnà, èyí tó nípọn sísàlẹ̀, èyí tó tín-ín-rín sókè.

Mo fi òróró sí ìdè ilẹ̀kùn. Kì í dún tẹ́lẹ̀.

Mo nu gíláàsì ọkọ̀ nínú àti lóde.

Mo jókòó nínú ọkọ̀, ní ẹ̀gbẹ́ tèmi. Táyà kan kò sí lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan díẹ̀. Irun Eila kan wà lára ìrọ̀rí ìjókòó awakọ̀, funfun, ó gùn.

N kò mú un.


18.

*Helvi ló kọ eléyìí. Arvo gbàgbé ìwé yìí sórí tábìlì mi, mo kà á, ó sì fo nǹkan kan.*

*Nígbà tí ara ẹ̀gbọ́n mi kò le mọ́, kò lè jókòó débi tí á wakọ̀. Síbẹ̀, láràárọ̀ ni ọkùnrin yìí ń jáde lọ tan ọkọ̀ ọ̀hún, kó lè gbóná, kí ó ha yìnyín kúrò lójú gíláàsì. Fún ta ni? Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ kan. Eila gbọ́ ìró ọkọ̀ láti orí ibùsùn. Ó ní, "Helvi, ọkọ̀ ti gbóná. Ó ku èmi."*

*Arvo wọlé, ó gbọn yìnyín lára, ó ní òun lọ wo àpótí lẹ́tà ni.*

*Mi ò sọ pé nǹkan kan burú nínú ẹ̀. Mo ní kó wà nínú ìwé ni.*


19.

Mo rí ohun tó kọ. N kò ní pa á rẹ́.

Àpótí lẹ́tà náà wà níbẹ̀ lóòótọ́.


20.

ÌJÍṢẸ́ LÓRÍ FÓÒNÙ. Helvi.

"Àna mi, rédíò ní yìnyín ń bọ̀ kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí. Orúnkún mi ti sọ bẹ́ẹ̀ ṣáájú rédíò. Raimo ti yá ọkọ̀ tó máa fi kó mi. Ó ní kí n bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù. Mo di abọ́ kan, mo tún tú u. Aládùúgbò mi ń bọ̀ nígboro lọ́la, màá bá a wá. Tọ́jú kọfí sílẹ̀. Kì í ṣe irú ti Sawchuk."


21.

OHUN TÍ A SỌ NÍNÚ GÁRÉÈJÌ.

HELVI: Kí nìyí?

ARVO: Sẹ́nsọ̀.

HELVI: Ó ti pẹ́ níbí. Eruku wà lórí páálí rẹ̀.

ARVO: Gáréèjì ni. Eruku ò ṣe é yẹra fún.

HELVI: Eruku wo? O ti gbá ibí tó fi jẹ́ pé mo lè da oúnjẹ sílẹ̀ jẹ. Orí páálí yìí nìkan leruku wà. (Ó gbé e sílẹ̀.) Arvo. Ṣé o ò fẹ́ kó lọ ni?

ARVO: Táyà òsì ò tíì…

HELVI: Mi ò béèrè táyà.

(Omi ń kán láti ara ẹ̀wù òjò rẹ̀.)

HELVI: Èmi náà ò fẹ́ gbà á, tó o bá fẹ́ gbọ́ òótọ́. Tó bá ṣì wà níbí, ó dà bí ẹni pé Eila kàn gbé e kalẹ̀ ni, pé ó ń bọ̀ wá gbé e. Tó bá ti wà níwájú ilé mi, ó ti tán nìyẹn.

ARVO: Bẹ́ẹ̀ ni.

HELVI: Ṣùgbọ́n Raimo ń bọ̀.

ARVO: Bẹ́ẹ̀ ni.

HELVI: Gbé sáńpépà yẹn fún mi.

ARVO: Ọwọ́ rẹ á dọ̀tí.

HELVI: Ọwọ́ tó ń pa ẹja kí ìwọ tó mọ ọ̀nà ilé wa. Gbé e wá.


22.

A ha á. Ìpẹtà ń bọ́ bí èèpo igi. Èmi fi búrọ́ọ̀ṣì onírin nu eyín òrùka, Helvi ha ibi ìjókòó sẹ́nsọ̀. Ó ń ha, ó ń kun orin ìsìn kan tí Eila fẹ́ràn, ó ń ṣi ohùn rẹ̀ kọ. Irin funfun yọ.

Mo fi gíríìsì díẹ̀ pa á kí iyọ̀ má tètè padà. Mo fi sẹ́nsọ̀ tuntun sí i. Ó jókòó wọ́ọ́rọ́.

Kí a tó so wáyà rẹ̀, mo fi mítà tó ń wọn iná sí i. Helvi fi ọwọ́ yí ìdí táyà, rọra, bí ẹni tó ń lọ ata. Nọ́ńbà inú mítà ń gòkè, ó ń sọ̀.

"Ó ń ríran," ni Helvi wí.

"Ó ń ríran."

"Àní nígbà tó rọra báyìí?"

"Rọra sí i."

Ó rọra sí i. Nọ́ńbà ò kú.


23.

Òkè. Ojú ọ̀nà gbígbẹ. Pátákó.

Kò gbọ̀n. Ó dúró.

Tírélà kan kọjá níwájú wa pẹ̀lú igi gẹdú tó ga. Helvi juwọ́ sí awakọ̀ rẹ̀. Awakọ̀ náà fun fèrè.


24.

ÌKÉDE. Ó wà lára ilẹ̀kùn ilé tí wọ́n ti ń gbá họ́kì, ó ti wà níbẹ̀ tipẹ́.

BÍ YÌNYÍN ÀKỌ́KỌ́ BÁ BỌ́
PÁPÁ ÌGBỌ́KỌ̀SÍ Ẹ̀YÌN ṢÍ SÍLẸ̀
FÚN GBOGBO AWAKỌ̀ TÓ FẸ́ RÁN ẸSẸ̀ RẸ̀ LÉTÍ.
Ẹ RỌRA. Ẹ JÌNNÀ SÍ ÒPÓ INÁ.
ẸNI TÓ BÁ KỌLU ÒPÓ INÁ, A Ó KỌ ORÚKỌ RẸ̀ SÍBÍ.

Lábẹ́ rẹ̀, bírò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́ tán, ṣùgbọ́n ó ṣeé kà:

*Eila. Ẹ̀ẹ̀mejì.*


25.

Yìnyín bọ́.

Raimo pe Helvi láàárọ̀. Ó ti kúrò ní Winnipeg. Kó tó di alẹ́ á ti dé ilé rẹ̀ létí adágún.

Helvi ní bí òun bá lè dá ọkọ̀ dúró lórí yìnyín kí a tó dé òpó iná, òun fúnra òun lòun máa wà á lọ sílé, Raimo á sì bá òun níbẹ̀ tí ọbẹ̀ ẹja ń hó. Bí kò bá dúró, òun ò ní bá a jiyàn mọ́. Òun á di abọ́.

Ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ awakọ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó rí irun tó wà lára ìrọ̀rí. Ó wò ó. Kò mú un.


26.

OHUN TÍ A SỌ NÍ PÁPÁ ÌGBỌ́KỌ̀SÍ.

ARVO: Sáré díẹ̀. Tí mo bá ní "tẹ̀ ẹ́", tẹ̀ ẹ́. Tẹ̀ ẹ́.

(Ó tẹ̀ ẹ́. Ó gbé e. Ó tẹ̀ ẹ́. Ó gbé e. Ọkọ̀ ń yọ̀ lọ. A kọjá òpó iná, a wọ inú òkìtì yìnyín.)

HELVI: O ò tún ọkọ̀ yìí ṣe. Ó gbọ̀n.

ARVO: Ó yẹ kó gbọ̀n níbí. Orí omi dídì la wà.

HELVI: Nígbà tó ń gbọ̀n tẹ́lẹ̀, o ní àìsàn ni. Ó tún gbọ̀n báyìí, o ní ara líle ni. Dókítà wo nìyí?

ARVO: Tẹ́lẹ̀, irọ́ ló gbọ́. Òótọ́ ló gbọ́ báyìí. O gbé ẹsẹ̀, Helvi.

HELVI: Bí Bàbá wa ṣe kọ́ wa nìyẹn.

Òótọ́ ni. Gbogbo àwa tí wọ́n bí sétí adágún yìí, orí adágún tó dì la ti kọ́ ọkọ̀, nínú ọkọ̀ akẹ́rù àtijọ́. Ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo ni: tẹ̀ ẹ́, gbé e, tẹ̀ ẹ́, gbé e. Ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ pátápátá, ọkọ̀ á yí po mọ́ ọn lọ́wọ́. Ẹ̀kọ́ yẹn dáa fún ọkọ̀ yẹn. Nínú ọkọ̀ tó ní ABS, ẹsẹ̀ tó ń gbé e ń gba iṣẹ́ mọ́ ABS lọ́wọ́. Bíréèkì ò sí lọ́wọ́ ẹnì kankan nínú àwọn méjèèjì.

ARVO: Má ràn án lọ́wọ́. Tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kó o fi ẹsẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀.

HELVI: Ó ń ta mí lẹ́sẹ̀.

ARVO: Jẹ́ kó ta ọ́.

(Ó ṣe é lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó tẹ̀ ẹ́. Ó gbọ̀n. Ó gbé ẹsẹ̀. Òkìtì yìnyín.)

HELVI: Mi ò mọ̀ pé mo gbé e.

ARVO: Mo mọ̀.

HELVI: Ó ń gbọ̀n bí nǹkan tó fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ èèyàn. Ọkàn mi á ní kí n fi sílẹ̀.

ARVO: Ìgbà yẹn gan-an ni kó o má fi sílẹ̀.


27.

Ọwọ́ Eila gbọ̀n títí tó fi dákẹ́. Mo dì í mú.


1.

Nígbà tí mò ń to àwọn wọ̀nyí, n kò mọ ibi tí màá fi èyí sí. Kó wà níbí.

Eila ra ọkọ̀ yìí láìsọ fún mi. Ó gbé e dé iwájú ilé, ó fun fèrè. Mo jáde pẹ̀lú fọ́ọ̀kì lọ́wọ́, mò ń jẹun ni. Ọkọ̀ aláwọ̀ ewé. N kò fẹ́ràn àwọ̀ náà, mo sì sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Wọlé." Mo lọ sí ẹ̀gbẹ́ awakọ̀. Kò sún.

Ó ní, "Ẹ̀gbẹ́ kejì, Arvo. Jókòó jẹ́ẹ́, kí wọ́n gbé ìwọ náà."

A lọ dé etí adágún, a padà. Fọ́ọ̀kì wà lọ́wọ́ mi.


28.

Ìgbà kẹta. Ilẹ̀ ti ń ṣú díẹ̀. Yìnyín ṣì ń bọ́. Ẹlòmíì ò sí ní pápá mọ́.

Fóònù Helvi dún nínú àpò rẹ̀. Raimo ni. Kò gbé e.

Ó sáré. Ó sáré ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Òpó iná ń bọ̀.

"Tẹ̀ ẹ́."

Ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Bíréèkì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Mò ń gbọ́ ọ nínú ilẹ̀ ọkọ̀, nínú ìjókòó, nínú eyín mi.

"Má gbé ẹsẹ̀."

"Mi ò gbé e."

"Má gbé…"

"Àna mi," ni Helvi wí. Kò wò mí. Iwájú ló ń wò. "Kò sí bíréèkì ní ẹ̀gbẹ́ tìẹ."

Mo wo ilẹ̀ ọkọ̀. Ẹsẹ̀ mi wà níbi tí kápẹ́ẹ̀tì ti jẹ. Mo ti tẹ̀ ẹ́ dé òpin. Ọkọ̀ dúró, òpó iná ṣì wà níwájú wa.

N kò gbé e.